Ọjà Tí Kò Ní Ìbejì

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta àlòkù ni í máa ráhùn nípa oníbàárà. Bí wọ́n bá pe náírà 3,000, yóò dá wọn lóhùn pẹ̀lú 1,000, yóò sì tún nawọ́ sí bọ́tìnnì tí ó já. Wọn a máa béèrè pé, kí ni kò jẹ́ kí a lè sọ iye kan kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní àwọn ilé ìtajà ńlá? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun, ìtàn sì ní ìdáhùn díẹ̀ sí i.

Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé iye kan ṣoṣo lárugẹ, àwọn onísìn ló ṣáájú àwọn olówó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn, ìnájà ni ó wà níbi gbogbo. George Fox (1624–1691), olùdásílẹ̀ ìjọ Quaker, kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí òǹtàjà sọ iye tí yóò gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó pe ṣílè 10 nígbà tí ó ti pinnu láti gba 6 ti purọ́ ná. Ní àkọ́kọ́ àwọn oníbàárà sá fún wọn. Ṣùgbọ́n Fox sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn rí i pé bí wọ́n bá rán ọmọdé lásán sí ṣọ́ọ̀bù Quaker, a kò ní rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí sọ́kàn.

Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti ń gbilẹ̀. Boucicaut mú un lò ní ilé ìtajà Bon Marché ní Paris lẹ́yìn 1852, Wanamaker sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Philadelphia. Nígbà tí a ṣí Kingsway ní Marina ní Èkó ní 1948, ilé ìtajà tí kò sí mọ́ nísinsìnyí, iye tí a kọ mọ́ ọjà náà ni a ń san níbẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí Henry Mayhew kọ̀wé nípa àwọn tálákà London ní 1851, ó rí àwọn tí ń ta ògbólógbòó aṣọ ní agbègbè Houndsditch tí wọ́n ń ná ọjà tọ̀sán-tọ̀sán. Iye kan ṣoṣo ti borí ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò lè wọ ọjà àlòkù. Èrèdí rẹ̀ kò fara sin. Bí ife tuntun 10 bá jọra, iye ọ̀kan ni iye gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí ènìyàn ti wọ̀ kò ní ìbejì: ìgbọ̀nwọ́ ọ̀kan ti fẹ́lẹ́, ọrùn òmíràn ti pàwọ̀ dà. Òǹtàjà mọ nǹkan díẹ̀ nípa rẹ̀, oníbàárà rí nǹkan díẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ni iye rẹ̀ wà, ìnájà ni a sì fi ń wá a rí.

Àwa náà mọ̀ ọ́n nínú òkìrìkà, èyí tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára Okrika, ìlú èbúté nítòsí Port Harcourt. Bí òfin ìjọba tilẹ̀ ka kíkó o wọlé léèwọ̀, ọjà ń kún fún un. Ẹni tí ń tà á ra bélì tí a ti dì, tí ó sábà máa ń wọn kílógráàmù 45 tàbí 55, kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi tú u. Nítorí náà nígbà tí oníbàárà bá wí pé, “Ìyá, èyí ti gbó, ẹ gba 1,000,” tí ìyá sì dáhùn pé, “Oníbàárà mi, kò gbà, fi nǹkan kún un,” kò sí ẹni tí ó bú ẹnìkejì. Ìyá ń wá owó aṣọ mìíràn tí ó ti ya nínú bélì kan náà.

Ní tèmi, Fox kò jàre tán. Iye tí a kọ́kọ́ pè kì í ṣe irọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Irọ́ wà níbi tí a bá ti fi ọwọ́ bo ibi tí ó ya. Òǹtàjà tí ó kọ́kọ́ fi àbùkù ọjà rẹ̀ han oníbàárà ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, ìnájà wọn kì í sì í pẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọdé ńkọ́? Níbí Fox borí mi. Nínú ìnájà, ẹni tí kò mọ ọjà, àlejò, àti onítìjú ni wọ́n ń san jù. N kò rò pé ìwà rere òǹtàjà nìkan lè tún èyí ṣe. Àwọn olókìrìkà fúnra wọn ti wá nǹkan kan ṣe sí i, bóyá láìronú nípa ọmọdé rárá. Wọn a kọ́kọ́ ṣa àwọn tí ó dára jù sọ́tọ̀, wọn a gbé wọn kọ́, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń ná. Ìyókù ni wọn a dà sílẹ̀ ní òkìtì, wọn a sì máa fi ohùn rara kígbe iye kan ṣoṣo fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àgbà bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, iye kan náà ni wọ́n sì ń san.