Orúkọ Àgbẹ̀ Nínú Ìwé Ìjọba

Ní oṣù kẹfà 2020, ìjọba Benin kéde bílíọ̀nù 74.12 owó sẹ́fà fún àwọn tí àrùn Kòrónà dí lọ́wọ́ iṣẹ́. Wọ́n ya bílíọ̀nù 63.38 sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́, 4.98 fún oníṣẹ́ ọwọ́, ìyókù sì bọ́ sórí owó iná àti omi. Aránṣọ rí tirẹ̀, onídìrí rí tirẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin gbágùúdá ní Akpro-Missérété kò ní ìpín nínú ètò yẹn, bẹ́ẹ̀ ìlú rẹ̀ wà nínú agbègbè tí ìjọba sé mọ́ Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ní ìparí oṣù kẹta. Àwọn kan ní wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni. Èmi ò gbà. Ẹni tí ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ láti fún ní nǹkan ni owó ìrànwọ́ ń bá nílé. Láti ìgbà Faransé, torí àtigbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1899 ni owó orí dé Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà. Epo pupa àti èkùrọ́ ni ará oko ń tà kí owó náà tó pé. Baálẹ̀ ló ń bá Faransé ka èèyàn, ó sì ń rí ìdá tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Fourn fi kún owó orí àti owó ọjà, Àjàṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀ ní oṣù kejì 1923. Òṣìṣẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ìjọba sì kó sójà wọ abúlé. Wọ́n lé Louis Hunkanrin, olùkọ́ àti akọ̀ròyìn ọmọ Àjàṣẹ́, lọ sí Mauritania. Faransé tún dá ẹgbẹ́ ìrànwọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, tí òfin rẹ̀ ti wà láti 1910, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ owó orí, aláṣẹ Faransé ló sì ń ṣe alága. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wo nìyẹn? Lẹ́yìn òmìnira, òfin 1961 kó ilẹ̀ jọ di oko ọ̀pẹ ńláńlá lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba SONADER, ó sì sọ onílẹ̀ di ọmọ ẹgbẹ́ tipátipá. Lóòótọ́, owó ilẹ̀ àti owó iṣẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ìdí ọ̀pẹ nìkan ló mọ: ẹni tó gbin àgbàdo kò sí nínú ìwé.

Ní ti ètò 2020, àwọn kan lè ní àgbẹ̀ á jẹ oko rẹ̀, aránṣọ ò lè jẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n gààrí fún títà ni, Nàìjíríà sì ti ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ 2019, kí àrùn náà tó dé rárá. Àríyànjiyàn tó le ni pé kò sẹ́ni tí kò ní pe ara rẹ̀ ní àgbẹ̀ tí owó bá dé. Togo dojú kọ èyí. Ètò Novissi tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2020 wo iṣẹ́ tí olúkúlùkù ti kọ sínú ìwé ìdìbò, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù: ní Lomé, 12,250 sẹ́fà lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Ìlú ńlá ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, àléébù gidi nìyẹn. Nígbà tó di ìparí ọdún, Novissi àti àjọ aláàánú GiveDirectly gbé e dé àwọn 100 kántọ́ọ̀nù tó tòṣì jù lọ, níbi tí iṣẹ́ oko pọ̀ sí. Benin pẹ̀lú ti ka àwọn èèyàn rẹ̀ nínú ètò ìkọ-orúkọ RAVIP ní 2017 sí 2018, ọdún méjì kí Kòrónà tó dé: orúkọ ti wà nílẹ̀ nígbà náà.