Ọjọ́ Tí Mo Bẹ́ Láti Orí Afárá

Aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ̀rù ti jí mi kí àkùkọ tó kọ. Livingstone ni a wà, ní orílẹ̀-èdè Zambia, níbi tí èmi àti ìyàwó mi ti lọ lo ìsinmi nínú oṣù Kẹjọ. Láti Èkó ló ti sanwó bungee sílẹ̀, pé kí wọ́n so mí lẹ́sẹ̀ kí n sì bẹ́ láti orí afárá Victoria Falls. Ó ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni. Ta ló ń fún ọkọ rẹ̀ nírú ẹ̀bùn yìí? Mo bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó fa aṣọ borí.

Aago mẹ́jọ. Tíì nìkan ló gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

Aago mẹ́sàn-án. A kọ́kọ́ lọ wo Victoria Falls fúnra rẹ̀, ìtàkìtì omi tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Mosi-oa-Tunya. Ó fẹ̀ ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, ó sì ń já sílẹ̀ láti òkè tó ju mítà 100. Níbi tí a dúró sí, ìsàlẹ̀ ni òjò ti ń wá: omi tó ń ta sókè láti inú ọ̀gbun rin wá gbingbin. Ìyàwó mi ń ya òṣùmàrè ní fọ́tò. Afárá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni èmi ń wò.

Aago mẹ́wàá. Ààlà Zambia àti Zimbabwe ni afárá náà wà, nítorí náà a gba ọ̀dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n kọjá. Wọ́n wo pásípọ́ọ̀tù wa, wọ́n fún wa ní ìwé pélébé kan pé kí a dé orí afárá kí a sì padà. Ọdún 1905 ni wọ́n ṣí afárá yìí. Cecil Rhodes, òyìnbó amúnisìn nì, ló fẹ́ kó wà níbi tí omi yóò ti máa ta sára rélùwéè tó bá ń kọjá. Ó kú ní 1902, kò fojú kàn án. Tírélà pẹ̀lú ń gba ibẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe gorí rẹ̀, irin gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, gbogbo ìgboyà tí mo kó wá sì tú dànù.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Wọ́n gbé mi gorí sikélì, wọ́n fi máákà kọ kílò mi sí mi lápá, torí bí ènìyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mú okùn rọ́bà tí wọn yóò so mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2011, okùn já mọ́ ọmọbìnrin ará Ọsirélíà kan lẹ́sẹ̀ níbí. Ó já sódò pẹ̀lú ẹsẹ̀ síso, ó sì lúwẹ̀ẹ́ jáde láàyè. Lẹ́yìn náà ni mínísítà kan ní Zambia lọ bẹ́ fúnra rẹ̀, kí àwọn àlejò má baà sá. Ti mínísítà yìí ni mo fi ń tu ara mi nínú, èmi tí n kò gbẹ́kẹ̀ lé mínísítà kankan rí nílé.

Ọkùnrin kan wà níwájú mi, alágbára, àyà rẹ̀ gbòòrò. Wọ́n so ó tán, ó dé etí pákó, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní òun kò ṣe mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tú u jẹ́jẹ́, wọn kò bú u. Àwa èrò ìwòran ni a fi í rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, òun nìkan ló ní ìgboyà lórí afárá náà lọ́jọ́ yẹn. Èmi kò ní i. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi mọ̀ pé màá bẹ́: ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bí àwọn àgbà ṣe wí.

Wọ́n ń fi táwẹ́ẹ̀lì wé mi lọ́rùn ẹsẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ìyàwó mi gbé e sí mi létí. Mọ́mì ni, láti Ìbàdàn.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà.”

“Kí ló ń hó bẹ́ẹ̀?”

“Omi ni, mà.”

“Má sún mọ́ ọn o.”

“Mo gbọ́, mà.”

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ méjèèjì, kí n wo iwájú. Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Wọ́n kà láti orí márùn-ún wálẹ̀ dé ọ̀kan. Mítà 111 ni wọ́n pe jíjìn rẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin n kò gbọ́ ohùn ara mi, bẹ́ẹ̀ fídíò fi hàn pé igbe ni mò ń ké. Okùn fà, ó jù mí sókè, mo tún já wálẹ̀. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí ó dáwọ́ jíjù dúró: mo dorí kodò, ẹ̀jẹ̀ rọ́ sí mi lójú, mo ń yí po lókè odò Zambezi, mo sì ń rò pé okùn ń yọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fi ìkọ́ kọ́ mi, wọ́n sì fà wá gòkè.

Aago kan ọ̀sán. Nshima àti ẹja. Ó jọ tùwó àgbàdo, mo sì jẹ ẹ́ tán, mo jẹ ti ìyàwó mi mọ́ ọn. Oorun ló gba ìyókù ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, torí láìsí i ẹ kò ní dé orí afárá. Bí ọkàn yín bá sì kọ̀ ọ́ létí pákó, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, bí fídíò mi bá dé orí fóònù yín, ẹ má fi han Mọ́mì.