Ewé Ẹ̀gẹ́ Tó Pọ́n: Àrùn àti Kòkòrò inú Oko Ẹ̀gẹ́ ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gẹ́, tí ẹlòmíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, wà lára ohun ọ̀gbìn tó gbajúmọ̀ jù ní agbègbè Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Òṣú dé Iléṣà, láti Ìbòkun dé Ẹ̀sà-Òkè àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Òun ni gàrí, òun ni fùfú, òun ni láfún. Bí nǹkan bá ṣe é, ewé ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn, nígbà tí isu ṣì wà nínú ebè tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Àgbẹ̀ á ní, "Ewé ẹ̀gẹ́ mi ti pọ́n." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló kó ebi ilẹ̀, ọ̀dá, àrùn àti kòkòrò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Ẹni tó bá ra oògùn kòkòrò nítorí ebi ilẹ̀, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò.

Ibi tí ewé ti pọ́n lára igi ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ìsàlẹ̀ máa ń pọ́n, á sì wọ́ dànù. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ ń ṣọ́ omi ara rẹ̀ lò ni. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ dáadáa tí ewé ìsàlẹ̀ ṣì pọ́n rúsúrúsú, tí igi náà kò sì ga, náítírójìn ni ilẹ̀ kò ní tó. Bí àárín iṣan ewé bá pọ́n tí iṣan fúnra rẹ̀ ṣì tutù, magnesium ló dín kù. Bí etí ewé àgbà bá gbẹ bí ẹni pé iná rà á, pọ́táṣíọ̀mù ni, èyí tí isu ẹ̀gẹ́ máa ń kó lọ púpọ̀ nígbàkígbà tí a bá wú u. Ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lọ́dọọdún láìjẹ́ kó sinmi ni gbogbo èyí ti wọ́pọ̀. Ebi ilẹ̀ kì í sábà lọ́ ewé po, nítorí náà, bí ewé bá pọ́n tó tún lọ́, mósáíìkì ló yẹ ká fura sí.

Àmì mósáíìkì kò ṣòroó mọ̀. Ewé á ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú àti àwọ̀ ewé lójú kan náà, ìka ewé á tín-ín-rín, á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ọdún 1894 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Eṣinṣin funfun kékeré kan ló ń gbé e láti igi dé igi. Bí a bá rọra yí ewé padà láàárọ̀ kùtùkùtù, a óò rí wọn níbi tí wọ́n bà sí lábẹ́ rẹ̀, bí ìyẹ̀fun tó ta sílẹ̀. Bí a bá wá mi igi náà, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún padà bà.

Síbẹ̀, àgbẹ̀ pàápàá lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbin àrùn náà sínú oko. Bí ewé tó kọ́kọ́ hù lára igi bá ti ní àbàwọ́n, inú igi tí a gbìn ló ti bá a wá. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá mọ́ tó jẹ́ tòkè nìkan ló ní àbàwọ́n, eṣinṣin ló gbé e dé lẹ́yìn tí ẹ̀gẹ́ ti hù. Àyẹ̀wò yìí kò gba owó kankan, ó sì wúlò púpọ̀, nítorí mósáíìkì kò ní oògùn. Fífa igi tó bá ní in tu nígbà tó ṣì kéré, àti yíyan igi mímọ́ láti gbìn, ni ọ̀nà àbáyọ.

Ọ̀nà kejì ni irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn náà kì í tètè ràn. Ní Amani, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tanzania lónìí, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀gẹ́ àti ìbátan rẹ̀ kan tó ń ṣe oje rọ́bà ṣe àdàpọ̀. Irú àdàpọ̀ yìí dé Moor Plantation, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ní Ìbàdàn. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, sì tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀. Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà tó dé ibẹ̀ lọ́dún 1971, ló darí iṣẹ́ tó mú TMS 30572 jáde. Irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ wa ń pè ní Àgíríìkì. Àwọn ará Ìkirè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, fi ọkùnrin náà jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Oyè tó tọ́ sí i ni.

Àwọn Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tẹ̀ lé e láti ọ̀hún, ṣùgbọ́n ọ̀tá tó máa ń pa á kò bá a wá. Kòkòrò náà funfun bí ẹni tó yí nínú èlùbọ́, abo ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń bí láìsí akọ. Ọ̀mùnú ni wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu: orí igi á ká kò bí ìkúùkù, oríkèé rẹ̀ á súnmọ́ra, igi á sì wọ́. Congo ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà tó di ọdún 1979, ó ti wọ Nàìjíríà. Wọ́n wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí Paraguay, wọ́n sì rí agbọ́n kan níbẹ̀ tí kò ju mìlímítà méjì lọ, tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ọmọ agbọ́n á jẹ ẹ́ láti inú, èèpo rẹ̀ gbígbẹ nìkan ló máa kù. Lọ́dún 1981 ni wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì tàn dé orílẹ̀-èdè tó ju 20 lọ ní Áfíríkà. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé lọ́dún 1995. Agbọ́n yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú oko wa láìgba kọ́bọ̀, ìdí sì nìyí tí inú fi ń bí mi bí mo bá rí ẹni tó ń fín oògùn olóró sórí ẹ̀gẹ́: agbọ́n ló kọ́kọ́ ń kú.

Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tún wà, ìbátan aláǹtakùn, tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i dáadáa. Àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣi àmì rẹ̀ pè ní mósáíìkì. Tirẹ̀ dà bí ojú abẹ́rẹ́ wínníwínní lórí ewé tuntun, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, ewé mìíràn á hù ní mímọ́. Òjò kì í sì í wo mósáíìkì. Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò aláwọ̀ ewé yìí ní Áfíríkà lọ́dún 1971.

Nígbà òjò, bí ewé bá ní àbàwọ́n onígun tó dà bí ibi tí epo ta sí, tí oje ń sun lára igi, tí igi sì ń kú láti orí wálẹ̀, bakitéríà ni. Àdá tí a fi gé igi aláìsàn lè gbé e dé ara èyí tó dá ṣáṣá, nítorí náà ó yẹ ká fọ̀ ọ́.

Ti tata kò fara sin. Ọmọ rẹ̀ dúdú, ó ní àmì pupa rúsúrúsú lára, agbo-agbo ni wọ́n sì ń bà lé ewé. Bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á jẹ ewé tán, wọ́n á bó èèpo igi jẹ. Wọ́n fẹ́ràn òdòdó ewé Akíntọlá púpọ̀, nítorí náà ibi tí ewé náà bá ti gba ilẹ̀ kan ni tata ti ń pọ̀. Ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àwọn abo máa ń péjọ sábẹ́ òjìji kan náà láti yé ẹyin sínú ilẹ̀ rírọ̀. Bí a bá sàmì sí ibẹ̀, ọkọ́ ti tó: a óò hú ilẹ̀ náà, ẹyin á jáde nínú fòòmù tó gbẹ mọ́ wọn lára, oòrùn á sì pa wọ́n. Oko ẹnìkan nìkan kò tó, nítorí èyí tó bá yé sí oko aládùúgbò ṣì ń bọ̀ wá jẹ tiwa. Àáró ni kí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò fi ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n hú gbogbo ojú ibi tí tata yé sí kí oṣù kẹwàá tó dé, torí láti ìgbà náà lọ ni ẹyin ń pa.