Ọ̀pá Àgbà: Láti Ọwọ́ Ọmọ dé Ọwọ́ Ìjọba

Àwọn baba wa fi ìtàn lé wa lọ́wọ́ pé àwọn ọdẹ Yorùbá ló tẹ Akron dó, kí ìjọba Tẹ̀-Agbanlin tó fìdí múlẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ọdẹ a máa darúgbó. Ojú tó ń rí ẹran lókèèrè a di bàìbàì, ẹsẹ̀ tó ń la igbó a sì wúwo. Nígbà náà, ọmọ ni ọ̀pá baba. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà ní Kútọnu, ní Èkó tàbí ní Paris. A mọ ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tó tajà ní Ouando fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, kò kọjá àgbàlá ilé mọ́. Nígbà tí a gbà á níyànjú pé kí ó béèrè kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ṣagbe rí.» Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa wo ẹ̀yìn wò.

Ṣé agbe ni lóòótọ́? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, òfin ilẹ̀ Faransé ti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1919 fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì àti ẹ̀yà ara àtọwọ́dá, lára owó ìlú. Àwọn ọmọ Dàhòmì náà ja ogun ọ̀hún. Kò sí ẹni tó pe jagunjagun bẹ́ẹ̀ ní alágbe: gbèsè ni ìlú ń san.

Láti ìgbà náà, ẹ̀tọ́ yìí ti gbòòrò kọjá ojú ogun. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2006 sọ, ní abala 20, pé kí ìjọba mú kí ohun èlò ìrìn tó dára wà fún aláàbọ̀ ara, ní iye tí apá rẹ̀ ká. Bẹ̀nẹ̀ gba àdéhùn náà wọlé ní ọdún 2012. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ó ṣe òfin tirẹ̀, òfin 2017-06, lórí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti to ohun èlò 50 tó ṣe kókó jọ: awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ọ̀pá, kẹ̀kẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin inú ìwé kò tíì di ọ̀pá lọ́wọ́ àgbà. Ìròyìn àgbáyé ti ọdún 2022 fi hàn pé ènìyàn tó ju bílíọ̀nù 2.5 lọ ló nílò irú ohun èlò bẹ́ẹ̀; ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà kan, nínú 100 tó nílò rẹ̀, 3 péré ló ń rí i. Nítorí náà, ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ẹni tí kò béèrè, ìjọba kò ní mọ̀ pé ó wà. Iṣẹ́ àwa tí a ka ìwé Faransé ni láti bá àwọn àgbà wa kọ̀wé, kí a sì tẹ̀ lé wọn dé ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ àwùjọ.

Ìyá tó san owó ọjà láti ìgbà èwe rẹ̀ ti bá ìlú kọ́ ilé. Bí ó bá béèrè kẹ̀kẹ́ lónìí, kò ṣagbe. Gbèsè ló lọ gbà.