Agbamu: Ìlú Àgbẹ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà

Agbamu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìgbómìnà tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Omù-Àrán ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀hún. Inú rẹ̀ náà ni Èsìẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1945 nítorí àwọn ère òkúta ibẹ̀.

Agbègbè yìí ni igbó ti ń parí, tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbilẹ̀ jù: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà àti kajú. Àwọn obìnrin ń din gààrí, wọ́n ń ṣe irú, wọ́n sì ń ná ọjà. Àwọn tó kàwé ń ṣiṣẹ́ tíṣà tàbí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Yunifásítì Landmark tó bẹ̀rẹ̀ ní Omù-Àrán lọ́dún 2011 náà ń gba òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń gba Ìlọrin àti Èkó lọ.

Ní ti ìrànwọ́, Kwara wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ fún ní ₦5,000 lóṣù fún àwọn ìdílé aláìní, ní òpin ọdún 2016. Ìpínlẹ̀ náà dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn 2019, tó fi mọ́ Owó Arúgbó fún àwọn àgbàlagbà àti Owó Ìṣòwò fún àwọn ọlọ́jà kéékèèké. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu dá ètò ti àpapọ̀ dúró kí wọ́n lè yẹ ìnáwó rẹ̀ wò. Ìdílé tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí nínú ìwé ìjọba kì í rí nǹkan kan gbà.

Kí ìjọba tó dé ni àáró àti ọ̀wẹ̀ ti wà fún iṣẹ́ oko, tí àjọ àti èésú wà fún owó. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi náà ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé.

Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ló ń dán gbogbo èyí wò báyìí ní gúúsù Kwara, níbi tí wọ́n ti pa ọba ìlú Kòrò ní ààfin rẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2024. Bí àgbẹ̀ bá ń bẹ̀rù oko rẹ̀, kò sí owó ìrànwọ́ tó lè dípò àgbàdo inú àká.