Ẹ̀dà Àwòrán Tutu: Ǹjẹ́ Ó Lè Di Ọrọ̀?

Ṣé ẹ̀dà àwòrán tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ lè mú èrè wá lọ́jọ́ iwájú? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Tutu.

Ní ọdún 1973, Ben Enwonwu, ọmọ Ìgbò láti Oníṣà, kun àwòrán Adétutù Adémilúyì, ọmọ-ọba Ilé-Ifẹ̀. Ogun abẹ́lé parí ní 1970, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ka àwòrán yìí sí àmì ìrẹ́pọ̀. Wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ yanturu, ó sì gba ara ògiri ilé kiri Nàìjíríà.

Mẹ́ta ni Enwonwu kùn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1994, ibi tí wọ́n wà di àdììtú. Ní 2017 ni a rí èkejì nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Bonhams tà á ní gbàǹjo, owó rẹ̀ sì lé ní £1,200,000.

Ǹjẹ́ ẹ̀dà ara ògiri wá di olówó gọbọi bí? Rárá o. Ohun tí ẹ̀rọ lè tún tẹ̀ lọ́la kì í ṣọ̀wọ́n, ohun tí kò sì ṣọ̀wọ́n kì í gbówó lórí. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀dà tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ ṣe, tí ó fọwọ́ sí, tí ó sì kọ nọ́ńbà sí, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ Bruce Onobrakpeya. Iye ìyẹn ní òdiwọ̀n, ó sì lè níye lórí sí i.

Síbẹ̀, kí a má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀dà. Nígbà tí ojúlówó sọnù, ẹ̀dà ni kò jẹ́ kí a gbàgbé ojú Tutu. Ẹni tí ó ń wá èrè, kí ó wá iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó ń wá ìrántí, ẹ̀dà tó o.