Ọdẹ inú Ẹ̀rọ: Ìtàn Dragon Quest àti Ọ̀ràn Lẹ́tà

Kí ẹ̀rọ eré tó dé ayé ni ohun méjì tí irú eré yìí dúró lé lórí ti wà láàárín Yorùbá. Ọ̀kan ni ayò ọlọ́pọ́n: ọ̀ta àti ọ̀pẹ kì í ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹnì kan bá ta tirẹ̀ tán ni èkejì yóò tó na ọwọ́. Èkejì ni ìtàn ọdẹ tí ó wọ igbó tọ àwọn iwin lọ, irú èyí tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938 nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ará Japan ni ó so irú ohun méjèèjì pọ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, eré orí tábìlì tí ó jẹ́ ti ìwé àti ẹnu. Ní ọdún 1981, Wizardry àti Ultima gbé irú eré bẹ́ẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Yuji Horii rí wọn, ó sì fẹ́ kí ọmọdé tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣe é pẹ̀lú. Famicom, ẹ̀rọ tí Nintendo ti ń tà láti ọdún 1983, ni ó lò. Akira Toriyama ya àwọn abàmì ẹ̀dá, Koichi Sugiyama ṣe orin, ilé iṣẹ́ Enix sì gbé Dragon Quest jáde ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1986.

Akọni kan ṣoṣo ni ó ń rìn nínú eré náà. Bí abàmì bá yọ sí i, gbogbo nǹkan á dúró: ṣé kí ó jà ni, ṣé kí ó pe ọfọ̀, ṣé kí ó lo oògùn, àbí kí ó sá? Ìgbà tí ó bá yàn tán ni ọ̀tá yóò tó fèsì. Ìwà pẹ̀lẹ́ pọ̀ nínú irú ogun bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ó jẹ́ ìṣòro. Kílóbáìtì 64 péré ni gbogbo eré náà. Fọ́tò kan tí fóònù ń yà lónìí tóbi jù ú lọ fíìfíì. Kò sí àyè fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tí àwọn ará Japan fi ń kọ̀wé. Àwọn lẹ́tà ìró nìkan ni wọ́n lò, àti nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àjèjì, nǹkan bí 20 ni ó ríbi wọlé. Orúkọ àwọn abàmì àti ti ọfọ̀ ní láti bá ìwọ̀nba yẹn mu. Wọn kò torí èyí sá lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ náà kò sì lè rántí ibi tí eléré dé, nítorí náà ọba inú eré a máa fún un ní ọfọ̀ àjíǹde, lẹ́tà 20, tí yóò kọ sórí bébà. Bí ó bá ṣi ọ̀kan ṣoṣo kọ, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ lè ṣòfò.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó yé ju ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lọ?

Ọmọ Yorùbá tí ó ń dàgbà ní Lokongoma, ní ìlú Lọ́kọ́ja, ń gbọ́ Íbírà, Ígálà, Nupe àti Haúsá ní àdúgbò. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bá nínú rẹ̀: ní ọdún 1989 tí Dragon Quest dé Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, irú ti Bíbélì, ni wọ́n fi sí àwọn ará inú rẹ̀ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ tí ó gbé Àjàyí Crowther dé ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, nítòsí ibẹ̀ gan-an, ní ọdún 1841. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Ìpàdé Èkó ti ọdún 1875 tún jíròrò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Lónìí, ìlànà Unicode ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ tàbí ọ bá gbé àmì ohùn lórí, àmì náà ṣì jẹ́ àfikún tí à ń gbé kà á, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó sì ń gbé e sí ibi tí kò yẹ.